Ẹyẹ Kì Í Sọ Pé Òun Ń Ṣàìsàn

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ara ẹyẹ òun le, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ibo ló dúró sí nígbà tó wò ó. Tó bá jẹ́ iwájú àgò ló dúró sí, tí ẹyẹ náà sì ń wo òun náà, kò tíì rí nǹkan kan. Àwọn ayékòótọ́ kéékèèké wọ̀nyí, àwọn aláwọ̀ ewé tí àwọn ará Lẹ́kí ń pè ní párákíìtì, bí wọ́n bá ti rí ojú èèyàn báyìí, wọ́n á na ọrùn, wọ́n á súfèé, wọ́n á máa fò láti orí ọ̀pá kan dé òmíràn. Èyí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lè kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Nínú igbó, èyí tó bá ṣe bí aláìsàn ni àṣá máa ń kọ́kọ́ gbé, torí náà inú ẹyin ni wọ́n ti ń kọ́ irọ́ pípa wá. Iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe nìyẹn: mo máa ń ká ẹyẹ mọ́bi tí wọ́n ti ń purọ́.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ọ̀dọ̀ Bùkọ́lá, ọmọ mi obìnrin, ni mo ń gbé ní tòsí Thomas Estate, ní Ajah. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́ lẹ ní kí n sọ ìtàn iṣẹ́ mi fún yín. Mo fura pé Bùkọ́lá ló rán yín, kí n lè rí nǹkan ṣe. Kò burú, ẹ jókòó.

Bí mo ṣe débi iṣẹ́ yìí kò gba àlàyé. Káfíńtà ni bàbá mi, láti apá Ọ̀ṣun ni wọ́n ti wá fi pákó kọ́lé fáwọn èèyàn nígbà tí Lẹ́kí ṣì jẹ́ kìkì iyanrìn àti ẹrẹ̀. Ọ̀gá Músílíù tó ń ta ẹyẹ ní Ìkátẹ̀ ní kí bàbá mi bá àwọn kan àgò, èmi ni mo gbé àgò náà lọ, n kò sì padà sílé mọ́ àfi láti sùn. Ẹ má bi mí léèrè owó. A jẹun, a kò kú.

Ohun tó yẹ kí ẹ bi mí ni ohun tí àdúgbò pè mí. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: obìnrin tó bá ń gbé ẹyẹ kiri nílẹ̀ Yorùbá, orúkọ rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Bí mo bá gbé àgò tí mo faṣọ bò kọjá, àwọn ìyá á fa ọmọ wọn mọ́ra. Ẹnìkan a sọ pé, "Ẹlẹ́yẹ ń lọ," èkejì a dọ́gbọ́n rẹ́rìn-ín. Mo kọ́kọ́ ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó dùn mí, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo gbogbo èèyàn tìfura-tìfura. Ṣé ẹ rí i, ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n èmi ti ń lo oògùn náà láti ọmọdé.

Ọ̀gá Músílíù ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, orí àga gíga kan ni wọ́n sì máa ń jókòó sí láàárín ṣọ́ọ̀bù, bí ẹni tó ń bójú tó ọjà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ṣe tọ́ mi nílé.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

Ọ̀gá kò dáhùn. Mo rò pé wọn kò gbọ́, mo tún un sọ sókè.

"Jáde," ni wọ́n wí. "Lọ dúró síta. Gbogbo ẹyẹ inú ṣọ́ọ̀bù ló ti mọ̀ pé o ti dé. Kí lo tún fẹ́ rí?"

Bí mo ṣe mọ òfin àkọ́kọ́ nìyẹn. Ọmọṣẹ́ á bọ́ bàtà lẹ́yìn ilé, á yọ́ wá síbi ògiri pákó, á fojú síbi ihò kan tí Ọ̀gá fi ọ̀bẹ lu síbẹ̀, á sì máa wo àwọn ẹyẹ kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń bọ̀. Ìgbà tó bá wò wọ́n tẹ́rùn ló tó lè yíká wá síwájú, kó kúnlẹ̀, kó kí wọn. Àwọn aládùúgbò rí i pé mo ń kọjá lára Ọ̀gá láìkí wọn, wọ́n lọ sọ fún ìyá mi pé n kò lẹ́kọ̀ọ́. Ìyá mi pè mí. Mo ṣàlàyé. Ìyá mi ní, "Ọ̀gá wo ló ní kí ọmọṣẹ́ kọ́kọ́ ṣọ́ òun bí olè kó tó kí òun?"

Tí mo bá kí Ọ̀gá tán, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí láràárọ̀: "Kí lo rí?" Mo kọ́kọ́ ń dáhùn pé gbogbo wọn wà dáadáa. Ìyẹn a bí wọn nínú.

"N kò bi ọ́ bí wọ́n ṣe wà. Ìwọ kọ́ ni dókítà. Kí lo rí?"

Díẹ̀díẹ̀ ni mo kọ́ láti máa sọ ohun tí mo rí. Ẹyẹ tí ara rẹ̀ dá máa ń ká ẹsẹ̀ kan sókè tó bá ń sùn. Èyí tó fi ẹsẹ̀ méjèèjì di ọ̀pá mú ń bẹ̀rù àtiṣubú. Èyí tó bá kúrò lórí ọ̀pá wá jókòó sí ìsàlẹ̀ àgò, ọ̀ràn rẹ̀ ti le. Bí ìrù rẹ̀ bá ń lọ sókè-sódò nígbà tí kò fò tí kò sáré, èémí ló ń wá. Àti abọ́ oúnjẹ, tó ti tan ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn jẹ: ẹ máa rí i tó kún fún jéró, inú yín á dùn pé oúnjẹ wà, àṣé èèpo lásán ni. Ọ̀gá á ní kí n fẹ́ atẹ́gùn sí i, kí èèpo fò lọ, ká mọ ohun tó kù. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ṣe ló ń fi ẹnu fọ́ jéró náà, tó ń jù ú sílẹ̀, kí àwọn yòókù lè rò pé ó ń jẹun. Ìyẹn ni Ọ̀gá bẹ̀rù jù. "Ẹni tí kò jẹun, tó ń ṣe bí ẹni ń jẹun," ni wọ́n máa ń wí, "ti mọ̀ pé òun ń kú lọ."

Òfin kejì ni pé ẹyẹ tuntun kò gbọ́dọ̀ bá àwọn tó wà nílé pàdé. Yàrá ẹ̀yìn ni ó ń gbé, oúnjẹ lọ́tọ̀, omi lọ́tọ̀, ẹni tó bá sì wọ ibẹ̀ á fọwọ́ kó tó padà síwájú, títí Ọ̀gá á fi ní ó tó. Ọ̀rẹ́ wọn tímọ́tímọ́ ìbáà gbé ẹyẹ wá, yàrá ẹ̀yìn ni. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ohun tó ba òfin yẹn jẹ́ ni àna. Ìyàwó Ọ̀gá, Ìyá Kúdí, ní àbúrò ọkùnrin kan tó máa ń rìnrìn àjò kọjá ẹnubodè. Ẹnu rẹ̀ dùn, n kò sì gbà á gbọ́ láti ọjọ́ tí mo ti rí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé àpótí ńlá kan dé, ayékòótọ́ kéékèèké ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní òun fi ta Bùọ̀dá òun lọ́rẹ. Ìyá Kúdí jókòó síbẹ̀, inú wọn ń dùn.

"Ẹ wo bí wọ́n ṣe fresh, Bùọ̀dá," ni àna náà wí. "Ẹ wò wọ́n rọ́bọ́tọ́-rọ́bọ́tọ́. Mo bọ́ wọn dáadáa lójú ọ̀nà o."

Mo wò wọ́n. Kò sí èyí tó sanra níbẹ̀. Ìyẹ́ ni wọ́n wú, bí ẹni tí òtútù ń mú tó wá faṣọ bora. Mo wo Ọ̀gá, mo sì rí i pé àwọn náà ti rí i, torí wọ́n ti ń fa irùngbọ̀n wọn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí ọkàn wọn kò bá balẹ̀.

"Ṣé kí n gbé wọn lọ yàrá ẹ̀yìn, sà?" ni mo bi wọ́n.

Ìyá Kúdí yíjú sí mi. "Yàrá ẹ̀yìn kẹ̀? Àrùn ni àbúrò mi gbé wá ni?"

Ẹ̀yin tó bá ti ní àna mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé yẹn. Ẹ̀bùn àna kò ṣeé gbé sápá kan lójú àna bí ohun tí à ń fura sí. Ọ̀gá tí kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́, tí kò gba ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ gan-an gbọ́, ní kí n ṣí àgò ńlá, kí n tú wọn sáàárín àwọn tó kù. Àna wa mu ọtí mínírà, ó kí gbogbo wa, ó lọ.

N kò fẹ́ sọ ohun tó tẹ̀ lé e gùn. Àwọn ẹyẹ àna ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀pá, lẹ́yìn náà àwọn tiwa. Ìgbẹ́ wọn di omi aláwọ̀ ewé, ojú wọn ń ṣepin, àgò ńlá tó máa ń pariwo títí a ó fi ní kó dákẹ́ wá dákẹ́ fúnra rẹ̀. Èmi ni mo ń fi ọwọ́ ara mi kó wọn. Mo sunkún bí ẹni tó pàdánù èèyàn. Dókítà ẹran kan wá láti Oníru, ó ní ká faṣọ bo imú ká tó gbálẹ̀, torí irú àìsàn ẹyẹ kan wà tó ń ran èèyàn. Mo faṣọ bo imú mi. Ọ̀gá kọ̀, wọ́n ní àwọn ti ń fa eruku ẹyẹ símú kí wọ́n tó bí dókítà náà.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí Ọ̀gá.

Àwọn ẹyẹ tó kù kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n mi ò yéé lọ síbi ihò pákó láràárọ̀. Lọ́jọ́ kan, ojú mi yẹ̀ kúrò lára àgò, ó sì bọ́ sára Ọ̀gá. Wọn kò sí lórí àga gíga wọn. Orí àpótí kékeré kan nílẹ̀, lẹ́bàá ògiri, ni wọ́n jókòó sí. Súwẹ́tà ni wọ́n wọ̀, nígbà tí oòrùn Ìkátẹ̀ ti ń mú èmi ní ìta. Búrẹ́dì wà níwájú wọn. Wọ́n ń bù ú, wọ́n ń rún un wẹ́wẹ́, wọ́n ń ju rírún rẹ̀ sílẹ̀, ẹnu wọn ń mì, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀fun wọn kò mì. Èjìká wọn ń lọ sókè-sódò bí wọ́n ti ń mí. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti rí gbogbo rẹ̀ rí, lára ẹyẹ.

Mo húkọ́ níta. Kíá ni Ọ̀gá gun àga gíga, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Káàárọ̀. Kí lo rí?"

"Mo rí i pé ẹ kò jẹun, sà."

"Ẹyẹ ni mo ní kí o máa wò," ni wọ́n wí.

Mo lọ bá Ìyá Kúdí nílé, wọ́n ń já ẹ̀fọ́. Mo ní ara Ọ̀gá kò yá.

"Ọ̀gá rẹ tó jẹun lálẹ́ àná lójú mi?"

"Ṣé ẹ rí i pé wọ́n gbé e mì, mà?"

Ìyá Kúdí gbé ẹ̀fọ́ sílẹ̀. "Àwọn ẹyẹ kò tíì kú, o ti mọ̀ pé wọ́n máa kú. Èmi tí mo ń sùn ti ọkọ mi kò mọ̀ pé ara rẹ̀ kò yá, ìwọ lo mọ̀. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ṣé kí n parí òwe náà fún ọ ni?"

Kò sẹ́ni tí kò mọ ìparí òwe yẹn. Mo ro ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀ lórí ìdúró: bí mo bá dákẹ́, Ọ̀gá á kú. Bí mo bá sọ̀rọ̀, tí Ọ̀gá sì kú, èmi ni mo pa wọ́n, gbogbo Ìkátẹ̀ á sì sọ pé àwọn ti wí bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ó wù mí kí n sá padà sílé bàbá mi. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tún máa bi mí láràárọ̀ pé kí ni mo rí? Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ má gbà mí gbọ́, mà. Èmi náà kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Ẹ ṣáà wá fi ojú ara yín wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà yín."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n wá. Tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn, ẹnu wọn ń sọ àdúrà lábẹ́lẹ̀, èmi ni wọ́n sì ní kí n máa lọ níwájú. Wọn kò lè kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo fi ihò pákó hàn wọ́n, mo sún sẹ́yìn dáadáa kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Wọ́n fojú sí i. Ẹ̀yìn wọn nìkan ni mo ń rí. Ẹnu wọn tó ń gbàdúrà dákẹ́. Wọ́n fi ọwọ́ di pákó mú.

"Ó ń fi súwẹ́tà bo ẹnu húkọ́," ni wọ́n sọ, ohùn wọn kò ju ti ọmọdé lọ. "Kí n má baà gbọ́."

Wọ́n gbàgbé èmi, wọ́n gbàgbé bàtà, wọ́n wọlé ní ẹsẹ̀ lásán. Mo tẹ̀ lé wọn. Bí Ọ̀gá ti rí ìyàwó wọn, wọ́n fẹ́ dìde, wọ́n ká ètè jọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Ìyá Kúdí di ọwọ́ wọn méjèèjì mú.

"Bàbá Kúdí, ẹ má súfèé mọ́."

A gbé wọn lọ ọsibítù. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe Ọ̀gá, ara ẹni tó bá gbóná báyẹn, ibà lèèyàn á kọ́kọ́ rò. Mo sọ fún dókítà pé ẹyẹ ni Ọ̀gá ń tà, àwọn ẹyẹ náà sì ti kú. Dókítà náà fetí sílẹ̀, ó bi mí ní ọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì yí oògùn padà. Mo fura sí oògùn náà pẹ̀lú, mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì títí mo fi rí Ọ̀gá tí wọ́n gbé ẹ̀kọ mì. Mo wo ọ̀nà ọ̀fun wọn dáadáa.

Nígbà tí Ọ̀gá padà sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gun àga gíga, wọ́n yíjú sí ògiri pákó.

"Ta ló ní kí o máa yọjú wò mí?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ní kí n máa dá ẹyẹ tọ́jú. Ní ti àna wa, a kò tún rí i, bí ó bá sì tún gbé ẹyẹ wá, èmi ni ì bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Kúdí fẹ́ràn mi títí wọ́n fi kú, ṣùgbọ́n wọn kò mu omi lọ́wọ́ mi láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. N kò bínú sí wọn. Bí mo bá wà ní ipò wọn, èmi náà kò ní mu ún.

Nígbà tí àwọn ẹ́sítéètì bo gbogbo ilẹ̀, ilé àwọn olówó ló di ibi iṣẹ́ mi, láti Oníru títí dé Ajah. Ìyàwó ilé kan ní Oníru pè mí kí n wá gé èékánná ẹyẹ òun. Ó ní inú òun dùn sí ẹyẹ náà: "Mummy, ó ti wá ní home training gan-an. Kò pariwo mọ́, ibi tí mo bá gbé e sí náà ló máa wà." Ọmọ tó dákẹ́ lọmọ tó gbẹ̀kọ́, ohun tí wọ́n fi tọ́ gbogbo wa nìyẹn, ló bá fi wo ẹyẹ. Mo mú ẹyẹ náà lọ́wọ́. Eegun àyà rẹ̀ mú bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ. Mo ní kó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran lójú ẹsẹ̀, ó sì gbé e lọ. Ọjọ́ tí ẹyẹ náà tún bẹ̀rẹ̀ ariwo, ó pè mí lórí fóònù kí n lè gbọ́ ọ, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Irinṣẹ́ ti yàtọ̀. Ìkòkò ẹ̀yinná la fi ń mú ara ẹyẹ aláìsàn gbóná nígbà tiwa. Gílóòbù iná ni wọ́n ń lò báyìí. Ọwọ́ la fi ń mọ̀ bóyá ó rù. Síkéèlì tí wọ́n fi ń wọn fúláwà ló wà ńlẹ̀ lónìí, ó sì dára, torí ọwọ́ máa ń ṣojúsàájú. Fídíò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù ni n kò gbà gbọ́: ẹni tó ń ya ẹyẹ, ẹyẹ náà ń wò ó. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ara ògiri, èyí tí wọ́n fi ń ṣọ́ ilé, ihò pákó Ọ̀gá ni. Ẹyẹ kò mọ̀ pé ó ń wo òun.

Ṣé kí ẹ kọ́ iṣẹ́ yìí? Bí ẹ bá fẹ́ kí èèyàn gbà yín gbọ́, ẹ kọ́ nǹkan mìíràn. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Èmi náà ti di ẹyẹ.

Ẹ wo Bùkọ́lá. Láìpẹ́ yìí, ó kan kámẹ́rà mọ́ ògiri pálọ̀. Ó ní torí olè ni. Mo wò ó, mo wo kámẹ́rà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Èyí tó ń ṣọ́ olè máa ń kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Èyí kọjú sí àga mi. Bí ó bá ti lọ ibi iṣẹ́, mo máa ń jókòó gbọnrangandan, mo máa ń kọ orin ìyìn, mo máa ń gbé ife tíì sókè bí ayaba.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń kọrin, mo sì wo àwo iwájú mi. Búrẹ́dì mi ti di rírún wẹ́wẹ́, kò sí ìkankan tó wọ ẹnu mi. Mo mọ àwo yẹn. Ojú tì mí, ó sì dùn mí, torí ó ti pẹ́ tí mo ti ń rún búrẹ́dì bẹ́ẹ̀. Mo dá orin dúró. Mo fa súwẹ́tà mi wọ̀, mo kúrò lórí àga, mo jókòó sílẹ̀ lórí ẹní, mo yíjú sí kámẹ́rà, mo jẹ́ kí èjìká mi máa lọ bó ṣe ń lọ.

Kò pẹ́ tí fóònù mi fi dún.

"Màámi," ni Bùkọ́lá wí.

"Kí lo rí?" ni mo bi í.

"Ẹ kì í jẹ búrẹ́dì yín, ṣe lẹ̀ ń rún un. Èémí ń nira fún yín. Tí ẹ bá ti rántí kámẹ́rà, ìgbà yẹn lẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ orin. Mo ti rí i ó pẹ́, Màámi. Mi ò kàn mọ bí mo ṣe máa wọlé bá yín ni."

"O káre," ni mo wí. "Máa bọ̀."